Nígbà Tí Ẹ Bá Wọn Ọmọ Tán, Ẹ Bi Ìyá Rẹ̀

Sí Kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀, sí ẹ̀yin tí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wà ní ìkáwọ́ yín, àti ẹ̀yin tí ínṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ wa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àrífín pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá síwájú yín. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bò ó mọ́ra, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Mówè ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ń gbé Ìbàfọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo tẹ̀ lé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin náà mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: nọ́ọ̀sì á dá orin, àwọn ìyá á gbè é, wọn á máa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo wọn dìde jó, ọmọ mi nìkan ni kò dìde. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ra, ó fún itan pọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì. Wọ́n bèèrè bóyá ó ń mu ọyàn, bóyá ó ń sùn, bóyá ara rẹ̀ gbóná lálẹ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó kàn bá ọmọ gbé báàgì wá. Ọjọ́ tí yóò tún padà wá nìkan ni wọ́n bá a sọ. N kò fi èyí bú àwọn nọ́ọ̀sì o. Méjì péré ni wọ́n, àwa tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì lé ní ogójì.

Inú kékè la wà nígbà tí mo rọra bi í pé, “Ṣé ìtọ̀ ń jò lára rẹ?”

Ó wolẹ̀. “Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mọ́mì?” Ó ní bí òun bá rẹ́rìn-ín ni, bí òun bá sín, bí òun bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ó ní òun rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi ní 1998.

Ìran wa kò fi ìbímọ ṣeré rí. Kí a tó bí i, àdúrà wa ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Bí a bá bí i tán, “ẹ kú ewu ọmọ” là ń kí ara wa. Ewu la kọ́kọ́ ń dárúkọ kí a tó kan ọmọ. Àwọn ìyá wa àgbà kì í fi abiyamọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kó tó pé ogójì ọjọ́. Wọn á fi tówẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, wọn á fi ọ̀já gbà á níkùn, wọn á ní kó jókòó lé omi gbígbóná. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí náà ti nawọ́ sí aboyún, ẹ sì pe ètò yín ní Ìbídẹ̀rọ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ẹni tó sọ ọ́ gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí rírọ̀ náà bá abiyamọ délé.

Iṣan ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí tó gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde dúró. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Bí ó bá dì dáadáa, ọmọ á dúró gbọn-in bí a tilẹ̀ ń gbálẹ̀, bí a tilẹ̀ ń sáré lé ọkọ̀. Bí ó bá tú díẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀, a ó máa gbọ̀n ọ́n sókè, yóò tún máa yọ̀ wálẹ̀. Ọ̀já abẹ́ wa ni iṣan yìí. Oyún ń tẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìrọbí tó pẹ́, ọmọ tó tóbi, abẹ tí wọ́n fi ya ojú ara, gbogbo wọn ń fà á. Ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ tó le, ẹrù tó wúwo, ọjọ́ orí, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, àwọn náà ń dá kún un. Bí ó bá ti dẹ̀, ìtọ̀ á máa jò. Nígbà mìíràn ìsó ni kò ní gba àṣẹ kó tó jáde, nígbà mìíràn ìgbẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Mo ní àǹtí kan ní Ìfọ̀ tó ń ta gàrí lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ pé “nǹkan ń wálẹ̀ lábẹ́ mi.” Ó ká aṣọ pélébé, ó fi há a, ó sì ń gbé àpò gàrí kiri bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ayé ló ń ṣe òun, ó gbààwẹ̀ títí. Ìgbà tí jíjókòó di ìṣòro fún un ló tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú tirẹ̀, bí a bá tètè rí i, ìdárayá iṣan lè ràn án lọ́wọ́. Òrùka rọ́bà kan wà tí wọ́n fi ń gbé ilé ọmọ dúró. Iṣẹ́ abẹ sì wà fún èyí tó bá ti yọ síta pátápátá. Àwa kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ nígbà náà.

Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó èmi. Ẹni tó bá ń gbé Mówè tàbí Ìbàfọ̀, tó sì ń lọ síṣẹ́ l'Ékòó, mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láti Long Bridge títí dé Kárà. N kì í fi omi kan ẹnu láti aago mẹ́rin ìdájí títí n ó fi délé. Lọ́jọ́ kan, tírélà dojú dé níwájú wa. A wà lójú kan fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì. Ọmọ kan sín lẹ́yìn, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó bá bọ́ lára mi. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo fi báàgì bo ìdí. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ kan àga, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, omi yín ti dà.” Mo ní, “Ó ṣeun, ọmọ mi.” N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó mọ̀, tó kàn fi bò mí láṣìírí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mùsùlùmí sọ fún mi pé ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin lòun máa ń tún àlùwàlá ṣe fún ìrun kan, àti pé òun ti ń sá fún mọ́sálásí. Èmi ń sá fún ìsọjí. Bí wọ́n bá ní kí a fò sókè fún Olúwa, mo máa ń dúró bí òpó. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa rò pé ẹ̀mí mi ti tutù.

Ẹ kò ní ṣàìbèèrè bóyá mo sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn. Mo sọ. Ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ibẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. Ó ní, “Màmá, ẹ ti bímọ mẹ́ta, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Mo dúpẹ́, mo lọ ra páàdì.

Ní 2019, ẹ̀yìn ló ń dùn mí tí wọ́n fi ní kí n lọ rí àwọn físíò ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó, àwọn tí ń fi ọwọ́ àti ìdárayá wo iṣan àti eegun. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, kò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó kọ ìdáhùn mi nípa ẹ̀yìn sílẹ̀, ó wá fa kọ́tìnnì, ó jókòó kí ojú wa lè dọ́gba, ó ní, “Mà, ẹ dárí jì mí. Ṣé ìtọ̀ máa ń jò lára yín?” Omijé bọ́ lójú mi kí n tó dáhùn. Láti 1998, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe kọ́ mi. Ó ní kí n ṣe bí ẹni tí ìsó gbọ̀n nínú dánfó tó kún, tí àna rẹ̀ sì jókòó tì í. Mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi tún fẹ́ bọ́. Ó ní, “Ẹ fún ibẹ̀ yẹn, lẹ́yìn náà ẹ fà á sókè sínú. Ẹ má fún ìdí, ẹ má fún itan, ẹ má sé èémí.” Ó ní kí n dì í mú, kí òun máa kà, kí n wá tú u sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé títú náà wà lára iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó fọwọ́ yẹ̀ mí wò, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé mo ń ti nǹkan sísàlẹ̀ bí ẹni ń rọbí, mo sì rò pé mò ń fà á sókè. Ó tún un ṣe fún mi. Ó kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ dì í mú kí n tó wúkọ́, kí n tó gbé ẹrù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní oṣù kejì, páàdì mẹ́ta lójúmọ́ di ẹyọ kan. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo fò nínú ìsọjí. Mo kọ́kọ́ fò díẹ̀, mo dánu dúró, mo yẹ ara mi wò, mo tún fò.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àdábọwọ́ ọmọ yẹn. Láti 1948 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ti kọ̀wé lórí bí obìnrin ṣe lè fi ìdárayá mú iṣan abẹ́ rẹ̀ le padà. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń pe ìdárayá náà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè jọ. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára wọn nígbà tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí gbẹ́rù, tí a sì kọ́ ní ìdárayá yìí, nǹkan bí 56 ló ní ó ti lọ. Nínú àwọn tí a kò kọ́, 6 péré ni. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí obìnrin kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ṣe é lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìgbà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nílẹ̀ Faransé, ètò ìlera ìjọba ló ń sanwó ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ẹnì kan nínú yín lè ní, “Bí ó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ká pín in.” Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1991, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìdárayá yìí fún obìnrin 47 pẹ̀lú ẹnu lásán, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. 23 ló ṣe é bó ṣe yẹ. 12 ń ṣe é lọ́nà tó lè mú kí ìtọ̀ túbọ̀ máa jò. Èmi ìbá wà lára àwọn 12 yẹn. Àwọn obìnrin mìíràn tún wà tí iṣan tiwọn le jù, tí ó ń dùn wọ́n tí ọkọ bá súnmọ́ wọn. Bí wọ́n bá tún ń fún un pọ̀, wọ́n ń dá kún ìrora ara wọn ni. Títú ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́. Ìwé pélébé kò lè mọ ìyàtọ̀.

Àwọn tó wà lọ́jà kò tilẹ̀ wá ìyàtọ̀ kankan. Wọ́n ń ta álọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ wa, wọ́n ń ta oògùn tí wọ́n ní ó ń fún ojú ara pọ̀, wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí Facebook tọ̀sán-tòru. Álọ́ọ̀mù kò lè mú iṣan le, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tún ọ̀já dì. Ó lè ta ara, ó lè bó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ti bi obìnrin náà ní ohun tó ń ṣe é kí àwa tó bi í, ìdí nìyẹn tí owó fi ń wọlé fún un.

Ìdí mìíràn wà tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì. Obìnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣàn láìdáwọ́ dúró, tọ̀sán-tòru, lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, ihò lè wà láàárín àpò ìtọ̀ rẹ̀ àti ojú ara. Fístúlà nìyẹn, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń gbà. Nọ́ọ̀sì tó bá bèèrè nìkan ló lè mọ ẹni tó yẹ kó tètè gba ilé ìwòsàn ńlá lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2022 lórí ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ kò ní kí a fi ìdárayá yìí ṣe dandan fún gbogbo abiyamọ tí nǹkan kan kò ṣe, èmi náà kò sì bèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ní kí a máa bi ìyá léèrè nípa ìtọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń jò, nípa ìgbẹ́ rẹ̀, nípa ojú ibi tí wọ́n rán, ní gbogbo ìgbà tí a bá rí i lẹ́yìn ọjọ́ tó bímọ. Ìbéèrè náà ti wà nínú ìwé. Kó dé ẹnu nọ́ọ̀sì ní Mówè, ní Ìbàfọ̀ àti ní Ìfọ̀ ló kù.

Ẹ kò tilẹ̀ ní láti pe ìpàdé tuntun. Ìyá ń gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ bi í ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ó bá ní ó ń jò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ júwe ẹni tó máa kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ bèèrè bó ṣe ń lọ. Ní ìkẹrìnlá, ẹ tún bèèrè. Ìlà kan péré nínú káàdì tí ẹ ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba gbogbo èyí. Kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, nítorí pé lójú èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wa la ó dáhùn pé rárá.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kọ́ ọ ló wúwo díẹ̀, mo mọ̀. Lónìí, obìnrin Mówè tó bá fẹ́ rí físíò tó mọ̀ nípa iṣan abẹ́, Ékòó ló máa ń forí lé, tàbí Ṣágámù, tàbí Abẹ́òkúta. Ará Ìfọ̀ náà, Abẹ́òkúta tàbí Ékòó. Ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ ni a ní kó jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Kò ní lọ ju ẹ̀ẹ̀kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí físíò kan máa wá síbi tí a wà, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìfọ̀, ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé láàárín Mówè àti Ìbàfọ̀. Kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì, ìbọ̀wọ́, omi àti ọṣẹ ni. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìtìjú wa á dín kù. Fásitì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò láti 1966, Èkó àti Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn tí a kọ́ nílé yìí wà, bí ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ti japa. Ẹ gba díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù síṣẹ́ kí àwọn náà tó wọ bàálù. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi ìdárayá náà hàn, kí wọ́n sì mọ ẹni tí agbára wọn kò ká.

Ẹ̀yin oní-ínṣọ́ránsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ físíò abẹ́ sínú ohun tí káàdì abiyamọ ń san, ní kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún wa lójú fèrèsé pé kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kan àwọn bàbá náà. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ pròsíteètì fún máa ń ní irú ìṣòro yìí, ìtìjú tiwọn sì ju tiwa lọ. Obìnrin á ṣe bí ẹni ń ra páàdì fún ọmọ rẹ̀, kí ni bàbá fẹ́ sọ?

Mo ti kọ́ ọmọ mi ní ohun tí ọmọbìnrin yẹn kọ́ mi. Ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe físíò, n kò lè mọ̀ bóyá ó ń fà á sókè tàbí ó ń tì í sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀, ọmọ á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. A ó tún wà lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ. Èmi ni n ó gbé ọmọ lọ sórí òṣùwọ̀n, kí ìyá rẹ̀ lè jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.